Kí la lè sọ fún ìyá tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ HPV?
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. HPV ni kòkòrò àrùn tó ń ranni nípa ìbálòpọ̀, tó sì lè fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ; abẹ́rẹ́ HPV ló ń dènà rẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọmọ ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ HPV lọ́fẹ̀ẹ́ ní Nàìjíríà, ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí ọmọ tó mọ ọkùnrin ló dára jù, torí abẹ́rẹ́ yìí kì í lé kòkòrò tó ti wọlé. Kọ́ńdọ̀mù ń dín ewu kù, àmọ́ kò bo gbogbo awọ tó ń fara kanra. Ẹ̀yà HPV tí wọ́n ń pè ní 16 àti 18 ló ń fa nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ.

Ibi tó le rèé: àwọn ìyá kan ní abẹ́rẹ́ náà ń sọni di àgàn. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ká kàn ní "irọ́ ni" kì í wọ̀ wọ́n létí. Ọ̀rọ̀ wo lẹ máa ń bá wọn sọ? Àbí bàbá ọmọ ni ká kọ́kọ́ lọ bá?