Ìrírí mi nípa àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Abẹ́òkúta

Mo fẹ́ fi ìrírí tèmi kún èyí tí àwọn ará ti sọ nípa bí a ṣe ń kọ́ àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì (idiom) àti bí a ṣe ń lò ó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan ní agbègbè Ìtòkò. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló máa ń mú ìwé pélébé kan dání, tí wọ́n to àkànlò èdè sí lápá kan, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì wà ní apá kejì. Ìtumọ̀ inú ìwé náà sábà máa ń tọ̀nà. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ẹni tí a lè sọ ọ́ fún àti ibi tí a ti lè sọ ọ́, ìyẹn ló sì ká mi lára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà kan, ẹbí kan ní Ìbarà ní kí n bá àwọn yẹ ìwé ètò ìsìnkú ìyá wọn àgbà wò kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Ọmọọmọ ìyá náà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ràn ìwé púpọ̀, ló kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá àgbà "kicked the bucket" ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Òótọ́ ni pé ikú ni àkànlò náà túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwàdà tí àwọn ọ̀rẹ́ ń bá ara wọn sọ ni, ẹnikẹ́ni kì í kọ ọ́ síwájú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Mo pè é jókòó, mo bi í bóyá ó lè dúró ní ààfin Aké kí ó sọ pé ọba kú. Ó ní ó tì o, pé ọba wàjà ni. Mo ní bí àwa ṣe ń sọ pé àgbà pa ipò dà, tí ọba sì wàjà, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ ọ̀fọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó yẹ ẹ̀fẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi "passed away" rọ́pò rẹ̀.

Ní kíláàsì, mo máa ń bá àwọn ọmọ wá ìdí àkànlò tí ìtàn rẹ̀ bá dájú, nítorí ẹni tó bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ kì í sábà ṣì í lò. Àwọn tó ti inú Bíbélì wá kì í ṣòro: ọmọ tó bá ti gbọ́ ìtàn Bẹliṣásárì nínú ìwé Dáníẹ́lì ti mọ "the writing on the wall" (àmì pé ìparun ń bọ̀) kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. "Read the riot act" ló ń gba àkókò. Wọ́n rò pé ìbáwí lásán ni, torí bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìròyìn wa ń lò ó bí ọ̀gá ọlọ́pàá bá kìlọ̀ fún àwọn ọ̀daràn. Òfin gidi ni Riot Act nígbà kan rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1715: bí èèyàn 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá kóra jọ láti da ìlú rú, aláṣẹ yóò ka ìkéde kan sí wọn létí, òfin sì lè dájọ́ ikú fún ẹni tó bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan. Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú dáhùn pé, a jẹ́ pé ìkìlọ̀ ìkẹyìn ni, kì í ṣe ìbínú. Inú mi dùn gan-an, torí àlàyé tirẹ̀ jinlẹ̀ ju ti inú ìwé ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Nínú àròkọ, lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ nìkan ni mo ti ń gbà wọ́n láyè láti lo àkànlò tó jẹ mọ́ àwàdà. Bí lẹ́tà náà bá ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé tàbí kọmíṣọ́nnà, mo máa ń fa ìlà sí i nídìí, mo sì máa ń ní kí ọmọ náà fi ọ̀rọ̀ gbangba tún un kọ.