Ṣé Law ni kí n lọ kà, àbí masters nínú ìpẹ̀tù-sí-aáwọ̀?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọ ọdún 27 ni mí, mo gboyè nínú Sociology, iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe l'Óṣogbo. Ọdún 9 ni àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi méjì fi wà ní kóòtù nítorí ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé adájọ́ lọ sí ibòmíì, tí adájọ́ tuntun ní ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbà kan ládùúgbò ló pè wọ́n jókòó, ó ní kí kálukú rojọ́ tiẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má já lù ú. Ìjókòó mẹ́ta, ó parí. Ojú mi ni ẹ̀gbọ́n ṣe bu omi fún àbúrò ẹ̀ mu. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn.

Ṣé kí n gba Direct Entry ka Law fún ọdún 4, kí n tún lọ Law School, àbí kí n ṣe masters Peace and Conflict Studies ní UI? Màmá mi ní ọjọ́ orí mi ń lọ.

Lọ́yà, Ìkẹjà: Àbúrò, kò dìgbà téèyàn bá di lọ́yà kó tó làjà. Ṣùgbọ́n béèrè èyí: bí ọ̀kan nínú wọn bá yẹ àdéhùn lọ́la ńkọ́? Ṣé wọ́n kọ ọ́, wọ́n fọwọ́ sí i? Arbitration and Mediation Act ti 2023, ìyẹn òfin ìlàjà tó rọ́pò ti 1988, ti fún irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lágbára. Tó bá sì jẹ́ pé àwọn àgbà ló dá ẹjọ́, Supreme Court sọ nínú Agu v. Ikewibe, 1991, pé ó de ẹni tó bá fínnúfíndọ̀ gbé ọ̀rọ̀ wá, tó gbà pé òun á tẹ̀ lé e, tí kò sì kọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n dá a. Onílàjà tí kò mọ èyí lè parí ìjà lónìí kó tún hù lẹ́yìn ọdún méjì. Ka Law.

Ọmọ Ìlá: Èmi ṣe masters yẹn, mi ò kábàámọ̀. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran ni mò ń bá kiri. Àmọ́ ti ilẹ̀ mọ̀lẹ́bí, tó bá ti di ọ̀rọ̀ ìwé, lọ́yà ni wọ́n máa ń pè, èmi á wá jókòó sẹ́yìn.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi, a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, Ọlọ́run á jẹ́ kó o ṣe é. Ṣé o ní Literature nínú WAEC ẹ? Ohun tó dá ọmọ tèmi dúró nìyẹn, ọdún kan gbáko ló fi tún un ṣe.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ní i, B3. Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, wọn ò kọ nǹkankan sílẹ̀ o! Mo máa lọ bá bàbá yẹn ní Sátidé, kí wọ́n kọ ọ́ níwájú ẹlẹ́rìí. Mo sì máa gba fọ́ọ̀mù Direct Entry. Ibo ni mo ti lè ka ẹjọ́ Agu yẹn?

Lọ́yà, Ìkẹjà: (1991) 3 NWLR (Nigerian Weekly Law Reports, ìwé tí wọ́n ń kó ìdájọ́ kóòtù jọ sí), Part 180, ojú ewé 385. Láìbúrẹ́rì Law ní yunifásítì èyíkéyìí, wọ́n á bá ẹ gbé e jáde.