Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n fi owó ilé-ìwé ọmọ mi ra owó fàdákà Amẹ́ríkà àtijọ́ ní gbàǹjo?

Ọmọ Ìlárá (Houston)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi àti ìyàwó mi ti tu $12,000 jọ láàárín ọdún mẹ́rin. Ọdún méje ló kù kí ọmọ wa obìnrin wọ yunifásítì. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi fi ìwé gbàǹjo kan hàn mí, owó àtijọ́ Amẹ́ríkà ló kún inú rẹ̀. Ọ̀kan wọ̀ mí lójú gan-an: dọ́là fàdákà ti 1893 tí wọ́n rọ ní San Francisco. Wọ́n ní 100,000 péré ni wọ́n rọ lọ́dún yẹn. Ó ti gbó díẹ̀, síbẹ̀ nǹkan bí $5,000 ni wọ́n ń retí lórí rẹ̀.

Ẹni náà ní irú owó bẹ́ẹ̀ kì í wálẹ̀ láéláé. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nídìí ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n rà? Ọwọ́ ta ni kí n ti rà á? Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Alágbẹ̀dẹ (Dallas)

Kú iṣẹ́ o, ọmọ Ìlárá. Ó ti lé ní ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń kó dọ́là Morgan jọ, irú èyí tí o rí nínú ìwé yẹn. George T. Morgan ló ya àwòrán orí obìnrin tó wà lójú rẹ̀. Wọ́n rọ ọ́ láti 1878 títí dé 1904, wọ́n tún rọ ọ́ ní 1921.

Òótọ́ ni pé 100,000 ni ti 1893 San Francisco. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n rọ kọ́ ni iye tó kù. Lẹ́yìn òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1918, ìjọba yọ́ dọ́là fàdákà tó lé ní 270 mílíọ̀nù, kò sì sẹ́ni tó ka ọdún tó wà lára èyí tí wọ́n ń jù sínú iná. Ìdí nìyẹn tí owó kan tí wọ́n rọ púpọ̀ fi lè ṣọ̀wọ́n lónìí, tí òmíràn tí wọ́n rọ díẹ̀ sì pọ̀ ju bí a ti rò lọ.

Èyí tí o rí yẹn, ayédèrú rẹ̀ pọ̀. Dọ́là ti 1893 tí wọ́n rọ ní Philadelphia kò ní lẹ́tà tó ń sọ ibi tí wọ́n ti rọ ọ́ lẹ́yìn. Àwọn oníjìbìtì á mú un, wọ́n á lẹ S kékeré, ìyẹn S ti San Francisco, mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, lábẹ́ òdòdó tí wọ́n so pọ̀, ó parí. Ohun kan wà tí wọn ò lè lẹ̀ mọ́ ọn. Mọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni wọ́n fi lu ojú gbogbo ti San Francisco lọ́dún yẹn, mọ́ọ̀dù ọ̀hún sì ní àléébù. Wo ọ̀rọ̀ LIBERTY tó wà lórí ọ̀já orí obìnrin náà. Fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò ó dáadáa: ní orí lẹ́tà T, ìlà tín-ín-rín kan yọ sókè, ó dábùú, bí irun kan ṣoṣo tó lẹ̀ mọ́ ọn. Bí kò bá sí ìlà yẹn, dìde kúrò níbẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi: má ra owó ńlá tí kò sí nínú ike àwọn tó ń yẹ owó wò. PCGS bẹ̀rẹ̀ ní 1986, NGC ní 1987, àwọn méjèèjì lọ́jà fọkàn tán jù. Wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojúlówó ni, wọ́n á fún un ní máàkì láti 1 dé 70, wọ́n á wá dè é mọ́nú ike tó ní nọ́ńbà. Tẹ nọ́ńbà yẹn sórí ìkànnì wọn, kí o fi àwòrán ibẹ̀ wé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, nítorí àwọn èèyàn ti ń ṣe ayédèrú ike náà pẹ̀lú.

Aṣírò (Chicago)

Ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ ti sọ ti owó náà. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àpò wa.

Nígbà tí òòlù bá dún ní $5,000, kì í ṣe $5,000 lo máa san. Ilé gbàǹjo á gba làádà lọ́wọ́ ẹni tó rà, ó sábà máa ń tó 20 nínú 100. Ó di $6,000. Ká ní o fẹ́ tà á lọ́dún márùn-ún sí i, tí wọ́n sì gba 10 nínú 100 lọ́wọ́ ìwọ tó ń tà. Kí $6,000 rẹ tó padà sí ọ lọ́wọ́, òòlù gbọ́dọ̀ dún ní nǹkan bí $6,670. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ á sì san $8,000. Ìyẹn ni pé ojúlówó ẹni tó fẹ́ owó yìí gbọ́dọ̀ fi $2,000 kún ohun tí ìwọ san, kí ìwọ tó rí ojú owó rẹ padà, láìsí èrè kọ́bọ̀ kan.

Bó o bá wá jèrè, ìjọba Amẹ́ríkà ka owó àtijọ́ sí ohun àkójọ. Owó orí lórí èrè rẹ̀, kódà lẹ́yìn ọdún kan, lè dé 28 nínú 100, ó ju ti ìpín ilé-iṣẹ́ lọ.

Ẹ wo èyí tó lówó lórí jù lọ láyé, kí ó lè yé wa. Owó wúrà $20 ti 1933. Wọ́n rọ 445,500, ṣùgbọ́n Ààrẹ Roosevelt fòpin sí lílo owó wúrà lọ́dún yẹn, wọ́n sì yọ́ èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà tí ẹni aládàáni lè ní lábẹ́ òfin. Wọ́n tà á ní gbàǹjo ní New York ní 2002, ó lé ní $7.59 mílíọ̀nù. Stuart Weitzman tó ń ṣe bàtà ló rà á. Ní 2021, ilé gbàǹjo Sotheby's tún tà á, ó wọ $18.87 mílíọ̀nù. Gbogbo ayé pariwo. Mo ṣírò rẹ̀: ọdún mọ́kàndínlógún, èrè rẹ̀ kò tó 5 nínú 100 lọ́dún, iye tí wọ́n pè yẹn sì ti ní làádà ilé gbàǹjo nínú. Láàárín àkókò kan náà, S&P 500, ìyẹn àpapọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà, lé ní ìlọ́po mẹ́rin, n kò tíì ka èrè tí wọ́n ń pín lọ́dọọdún. Bí èyí tó dára jù láyé bá rí báyìí, kí ni a fẹ́ máa retí lára ti $5,000?

Ìyá Ìbejì (Maryland)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹlòmíràn má baà kó síbi tí mo kó sí. Ní 2014, oníṣòwò kan pè mí lórí fóònù. Ó ní òun ní dọ́là Morgan ti 1881 tí wọ́n rọ ní Carson City, pé $950 ni, pé kó tó di ọ̀la yóò ti lọ. Mo sanwó. Nígbà tó dé, ó ń dán gbinrin bí abọ́ tuntun, inú mi dùn, mo fi han àwọn ọmọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo gbé e lọ síbi tí àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ ti ń pàdé. Bàbá kan fi ìka méjì mú un létí, kò fọwọ́ kan ojú rẹ̀ rárá, ó gbé e sábẹ́ iná, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ó fi ọ̀kan tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lára tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń yí po bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń sáré. Lára tèmi, ìmọ́lẹ̀ kò yí, ó kàn ń tàn gbalaja, mo sì wá rí àwọn ìlà tín-ín-rín tó sá lọ sápá kan ṣoṣo, bí ìlà tí kàn-ìn-kàn-ìn máa ń fi sára ìkòkò. Wọ́n ti fọ̀ ọ́. Mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yẹ owó wò, ó padà wá láìsí máàkì: ojúlówó ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti fọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ san ju $300 lé e.

Ọmọ Ìlárá, má ra ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó ń pè ọ́ lórí fóònù, tó sì ń kán ọ lójú. Bó o bá sì rí dúdúdúdú lára owó fàdákà, mo bẹ̀ ọ́, má fọ̀ ọ́. Dúdú yẹn ni àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ ń sanwó fún nígbà mìíràn.

Bàbá Baltimore

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìmọ̀ràn. Ẹni tó sọ pé irú owó bẹ́ẹ̀ kì í wálẹ̀, kò gbọ́ ìtàn dọ́là Morgan ti 1903 tí wọ́n rọ ní New Orleans. Ní 1962, $1,500 ni wọ́n kọ síwájú èyí tí ọwọ́ kò tíì bà nínú ìwé òǹkà iye. Owó ńlá nìyẹn nígbà náà, ẹlòmíràn kò rí i gbà lóṣù. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún parí, ìjọba ṣí ibi ìpamọ́ kan, wọ́n kó àpò àpò jáde, ó kún fún 1903 New Orleans. Kò pẹ́ tí iye rẹ̀ fi wálẹ̀ sí ohun tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Inú àpò ló wà látọjọ́ yìí tí gbogbo ayé ń pè é ní ọ̀wọ́n.

Èyí tó ṣojú mi ni ti 1989. Àwọn ará Wall Street kó owó rẹpẹtẹ wọ ọjà owó àtijọ́, torí pé ike PCGS jẹ́ kí wọ́n rò pé a lè máa rà á bí ìpín ilé-iṣẹ́. Iye ń gòkè lójoojúmọ́. Nígbà tó di 1990, ó já. Àwọn kan tó rà nígbà yẹn kò rí owó wọn padà títí wọ́n fi dàgbà.

Síbẹ̀ mi ò ní sọ pé kí ẹ má rà. Sẹ́ǹtì 5 ti 1913 tó ní orí obìnrin, márùn-ún péré ló wà láyé. Ẹni tó ni ọ̀kan kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní 1962, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ fún ẹbí rẹ̀ pé ayédèrú ni. Wọ́n fi sínú kọ́bọ́ọ̀dù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2003, níbí ní Baltimore, wọ́n kó mẹ́rin yòókù jọ, wọ́n fi wé e lóru: ojúlówó ni. Ó lé ní $3.1 mílíọ̀nù ní gbàǹjo 2013. Mo lọ wo àwọn márààrún níbi tí wọ́n pàtẹ wọn sí lọ́dún 2003 yẹn. Wọ́n kéré lójú, ẹ ò lè mọ̀ pé owó tó tó bẹ́ẹ̀ ni. Ayọ̀ tí mo rí níbẹ̀ kì í ṣe ti èrè.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Atlanta)

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Èmi jèrè, ó sì yẹ kí ẹnì kan sọ ọ́. Mo ra dọ́là Morgan kan ti 1889 Carson City ní 2015, $2,000 lápapọ̀, mo tà á ní 2021, $2,900 wọ ọwọ́ mi. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi oṣù mẹ́jọ ka iye tí wọ́n ti ta irú rẹ̀ sẹ́yìn, ó wà lórí ìkànnì ilé gbàǹjo Heritage àti ti PCGS, kí n tó gbé ọwọ́ sókè rárá. Mo kọ iye tí mi ò ní kọjá sórí ìwé, làádà wà nínú rẹ̀. Gbàǹjo mẹ́ta ni mo ti pàdánù kí n tó rí tèmi. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí pé owó tí mo fi rà á, mi ò nílò rẹ̀ fún nǹkan mìíràn.

Ọmọ Ìlárá (Houston)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìyàwó mi jókòó tì mí, a jọ kà á tán. Ìbéèrè kan ló kù: owó wúrà $20 àtijọ́ ńkọ́, àwọn tí kò ṣọ̀wọ́n? Ṣé ìyẹn sàn jù?

Alágbẹ̀dẹ (Dallas)

Ọjà ọ̀tọ̀ nìyẹn. Wúrà inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ́ńsì kan, 0.9675 gan-an ni, nítorí náà iye wúrà ló ń tẹ̀ lé. Bí wúrà bá gòkè, á gòkè. Bí wúrà bá wálẹ̀, á wálẹ̀. Ó rọrùn láti tà ju ti 1893 lọ, ẹnikẹ́ni tó ń ra wúrà á rà á. Má kàn jẹ́ kí oníṣòwò gba owó ọ̀wọ́n lọ́wọ́ rẹ lórí èyí tó wọ́pọ̀. Máàkì 62 sí 63 ti tó.

Aṣírò (Chicago)

Kí n fi kún un: ohun tó wà nínú àpótí ìpamọ́ báǹkì, FDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó inú báǹkì, kò dáàbò bò ó bí owó inú àkáǹtì. Béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò rẹ kí o tó rà. Owó ilé-ìwé ọmọ, àpò 529, ìyẹn àkáǹtì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún owó ẹ̀kọ́, ló yẹ ẹ́. Èrè inú rẹ̀ kò ní owó orí bó bá jẹ́ owó ilé-ìwé lẹ fi san.

Ọmọ Ìlárá (Houston)

A ti pinnu. $11,000 ń lọ sínú 529 lọ́jọ́ Ajé. Ìyàwó mi ní kí n mú $1,000 yòókù, pé òun rí i lójú mi. Mi ò ní fi pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ, ṣé mo lè bá yín lọ síbi ìpàdé àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ ní Dallas?

Alágbẹ̀dẹ (Dallas)

Máa bọ̀, àbúrò. Aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé ni kí o ti dé, kí àwọn oníṣòwò ńlá má baà ti ra èyí tó dára tán. Mú òòfà kékeré kan dání àti òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù. Dọ́là Morgan jẹ́ gíráàmù 26.73, òòfà kò sì gbọ́dọ̀ fà á rárá. Èmi á mú gíláàsì wá, mo ní 1893 San Francisco kan nílé, mo máa gbé e wá kí o fi ojú ara rẹ rí ìlà orí T yẹn.