Wíwọn igi nínú igbó Ọ̀ṣun, Òṣogbo: ẹ dákun, ẹ là mí lọ́yẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Fìà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Orí àwọn igi inú igbó Ọ̀ṣun ni iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lé. Olùkọ́ mi ní kí n la pílọ́ọ̀tì mẹ́wàá, 20 mítà sí 20 mítà, kí n wọn gbogbo igi tí ìdábùú rẹ̀ bá tó 10 sẹ̀ǹtímítà. Téèpù 50 mítà, okùn àti fóònù nìkan ni mo ní. Báwo ni igun ṣe máa gún? Níbo ni wọ́n ti ń wọn àràbà tí gbòǹgbò rẹ̀ ga ju èèyàn lọ? Ewé tí n kò bá dá mọ̀ ńkọ́, nígbà tí òjò kì í jẹ́ kí nǹkan gbẹ?

Bàbá Onígbó
Ọmọ mi, igun ni kí o kọ́kọ́ bójú tó. Ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, na okùn sí apá méjì. Wọn mítà 6 lórí ọ̀kan, 8 lórí èkejì. Bí àlàfo láàárín orí méjèèjì bá jẹ́ 10 gééré, igun gún. Àwọn kan ń lo 3, 4 àti 5, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kékeré lórí mítà 3 á ti fẹjú kó tó dé 20. Tí igun mẹ́rin bá pé, na téèpù láti igun kan sí èyí tó dojú kọ ọ́: 28.28 mítà ni kí méjèèjì jẹ́. Bí ọ̀kan bá fi ìdajì mítà ju èkejì, tú u.

Ilẹ̀ etí odò dà gẹ̀rẹ́. Má tẹ́ téèpù tẹ̀ lé e, torí ilẹ̀ rẹ kò ní pé 400 mítà onígun mẹ́rin. Gbé e dúró dọ́gba lófuurufú, kí o máa wọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn.

Ìyípo ni téèpù ń wọ̀n. Fi 3.1416 pín in kí o tó rí ìdábùú. Igi tí ìyípo rẹ̀ kò bá tó 31.4 sẹ̀ǹtímítà, fi í sílẹ̀. Mítà 1.3 sókè ilẹ̀ ni ojú ìwọ̀n. Gé ọ̀pá sí gígùn yẹn, má fi àyà ara rẹ díwọ̀n. Lórí gẹ̀rẹ́, apá òkè igi ni kí o dúró sí. Igi tó bá pín sí méjì kó tó dé ibẹ̀, wọn ẹ̀ka méjèèjì lọ́tọ̀. Ìtàkùn tó bá lẹ̀ mọ́ igi, abẹ́ rẹ̀ ni téèpù ń gbà.

Àràbà nìyí: ibi tí gbòǹgbò bí ògiri yẹn parí sí, fi ìdajì mítà kún un sókè, wọ̀n ọ́n níbẹ̀, kí o sì kọ gíga ibẹ̀ sílẹ̀. Bí ìyípo gidi bá jẹ́ mítà 3, ojú igi náà, ìyẹn ìwọ̀n ojú tí à bá rí bí a bá gé e níbi tí a ti wọ̀n ọ́n, jẹ́ 0.72 mítà onígun mẹ́rin. Tí o bá wọn gbòǹgbò, tí o sì rí mítà 6, ó di 2.86! Àràbà kan ṣoṣo á bo gbogbo igi yòókù mọ́lẹ̀ nínú ìṣirò rẹ. Lẹ́yìn náà, fi ìṣó kan nọ́ńbà mọ́ ọn.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun
Bàbá, gbogbo ẹ̀ ló dáa, àfi ti ìṣó. Igbó ọba lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, igbó Ọ̀ṣun kọ́. Ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni láti 1965, UNESCO sì kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Wọn kì í dẹ̀gbẹ́ níbẹ̀, wọn kì í pẹja, wọn kì í gégi. Ẹ má mú àdá wọlé láti lànà.

Lẹ́tà láti ẹ̀ka yín ni kó ṣáájú, sí àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń tọ́jú igbó náà. Ẹ kọ iye pílọ́ọ̀tì, ohun tí ẹ máa fi sàmì, àti ohun tí ẹ máa mú jáde. Ẹ bá àwọn aláwo Ọ̀ṣun sọ̀rọ̀ náà, torí ibòmíràn wà tí wọn kò ní jẹ́ kí ẹ tẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì àti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó, kí ẹ sì tú u tí ẹ bá parí. Aṣọ funfun ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Ẹni tó bá rí i lára igi á rò pé ẹ ti fi igi náà bọ nǹkan.

Ẹ má fi oṣù kẹjọ sí i, ọdún Ọ̀ṣun ni. Bí ẹ bá lè dúró di oṣù kọkànlá, ilẹ̀ á ti ń gbẹ, arère kò sì tíì wọ́wé tán.

Ìyá Eléwé
Orúkọ Yorùbá nìkan kò tó: nínú ìdílé igi tí sáyẹ́ǹsì ń pè ní Celtis, ìta ju oríṣi kan lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ayùnrẹ́ nínú ìdílé Albizia. Tí wọ́n bá gbà yín láyè, ẹ mú ẹ̀ka méjì méjì tó ní ewé, àti òdòdó tàbí èso tó bá wà. Ti ayùnrẹ́, odidi ewé pẹ̀lú ọ̀pá àárín rẹ̀ ni o, kì í ṣe àwọn wẹ́wẹ́ ara rẹ̀. Ẹ fi ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́, ẹ yí ewé kan padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìwé lójoojúmọ́, àgàgà ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni èbu ti ń mú un.

Bí òjò kò bá dá, ẹ kó o tòun ti ìwé ìròyìn sínú ọ̀rá nípọn, ẹ da sípírítì sí i kó rin, ẹ dì í pinpin. Á pọ́n, kò ní jẹrà, nítorí náà ẹ ti kọ àwọ̀ òdòdó àti oje sílẹ̀ kí ẹ tó dà á. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́. Sípírítì máa ń fọ báírò nù. Ẹ wá gbé e lọ sí ibi ìtọ́jú ewé ní Yunifásítì Ifẹ̀ tàbí ti ilé ìwádìí igbó ní Ìbàdàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Fìà
Ẹ ṣeun púpọ̀. Bí gbòǹgbò àràbà bá ga ju àkàbà lọ ńkọ́?

Bàbá Onígbó
Gbé ọ̀pá tí o sàmì mítà 1 sí ti ẹ̀gbẹ́ igi, rìn jìnnà tó ìlọ́po méjì gíga ibi tí o fẹ́ wọ̀n, kí o ya á. Lórí àwòrán, fi gígùn ọ̀pá díwọ̀n ìbú igi lókè gbòǹgbò. Ya á láti apá méjì, kí o dá méjèèjì pọ̀, pín in sí méjì. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé fọ́tò lo fi wọ̀n ọ́n, má dà á pọ̀ mọ́ ti téèpù.