Zipline ní Costa Rica: kí ni kí n bi afinimọ̀nà?

Ìbéèrè, láti Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ̀yin ará, lẹ́yìn Ojúde Ọba, èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ gun zipline ní Monteverde, ìyẹn okùn irin tí a ń so rọ̀ mọ́ láti fi yọ̀ kọjá lókè igbó. Kí ni kí n kíyè sí?

Èsì, láti Ṣàgámù: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n yín, nítorí ẹni tí ó bá fúyẹ́ jù lè dúró ní agbedeméjì, bí èmi ṣe rọ̀ bí àdán títí afinimọ̀nà fi wá fà mí.

Èsì, láti Ìkẹ́nnẹ́: Ìgbà òjò ni ẹ ó bá níbẹ̀, ọ̀sán ni ó sì sábà máa ń rọ̀. Ẹ gba ti òwúrọ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ ṣé, òwúrọ̀ náà ni.