Ipa ni, kì í ṣe ipá: lórí "ìdáhùn-ipá" àti ohùn àpótí jìtá

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjíròrò o.

Mo ka ìwé tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ olójìtá bí wọn yóò ṣe máa yan fáìlì ohùn àpótí sípíkà, ohun tí àwọn olórin ń pè ní IR, ìyẹn impulse response lédè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ: "ìdáhùn-ipá". Wọ́n ní impulse ni ipá, response ni ìdáhùn, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ ti ń ṣiṣẹ́ lórí èdè yìí kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé Gẹ̀ẹ́sì lẹ wò, ibẹ̀ kọ́ sì ni ọmọ yìí yóò gbé.

Ẹ pè é sókè kí etí yín gbọ́ ọ. Ìwà ipá. Ìfipágbàjọba. Ó fi ipá mú un. Ibi tí ipá bá ti wọnú ọ̀rọ̀ báyìí, ìjà ni etí Yorùbá ń retí. Bí mo bá ní kí ọmọ ọdún 15 kan lọ yan ìdáhùn-ipá fún jìtá rẹ̀, ohun tí yóò gbọ́ ni pé kó fi ìbínú dá ẹnì kan lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan náà fúnra rẹ̀. Okùn jìtá dún, anpilifáyà gbé ohùn rẹ̀ sókè, sípíkà inú àpótí onígi tì í jáde, máìkì tó wà níwájú rẹ̀ gbà á. Sípíkà jìtá kì í gbé ohùn òkè dáadáa. Tó bá ti kọjá nǹkan bí 5,000 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), ó ń já wálẹ̀ kíákíá. Ìdí nìyẹn tí jìtá tí wọ́n ti fún ohùn rẹ̀ títí tó fi ń họ, tí wọ́n wá so mọ́ kọ̀ǹpútà láìgba inú àpótí kankan, fi máa ń dún bí ẹni ń fi abẹ họ agolo. Ohun tí àpótí yọ kúrò àti ohun tó fi kún un ni fáìlì yìí tọ́jú. Fáìlì náà kò gùn rárá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń lo 2,048 ẹyọ nọ́ńbà. Bí 48,000 irú wọn bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 20 ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbà á sílẹ̀? Láyé àtijọ́ wọ́n máa ń yìnbọn kékeré tàbí kí wọ́n fọ́ bálúùnù, rọ́bà tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, nínú gbọ̀ngàn ńlá, kí wọ́n wá gba ìró tó tẹ̀lé e sílẹ̀. Níbẹ̀, mo lè fara mọ́ ipá díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Angelo Farina, olùkọ́ ní Parma nílẹ̀ Ítálì, ti gbé ọ̀nà rẹ̀ jáde ní 2000, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé kí wọ́n rán ohùn kan ṣoṣo tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti 20 Hz títí dé 20,000 Hz gba inú àpótí. Lẹ́yìn náà ni ìṣirò yóò yọ ohùn tó wọlé kúrò, ohun tó bá kù sì jẹ́ ti àpótí. Ẹ̀gbọ́n, níbo ni ipá wà nínú ìyẹn?

Arábìnrin wa tó ń kọ̀wé láti Àjàṣẹ́ ní ká má yí ìdáhùn padà ní tiẹ̀, torí ì + dá + ohùn ni, ohùn ti wà nínú rẹ̀. Ó rí i dáadáa, n kò rí ẹni tó tún kíyè sí i. Àbùkù tí mo rí ni pé ìdáhùn máa ń yí padà bí ìbéèrè bá ṣe rí. Rọra bi mí, n ó rọra dá ọ lóhùn. Jágbe mọ́ mi, wàá gbọ́ òmíràn. Sípíkà gidi ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí a bá ti iná rẹ̀ sókè jù, pépà inú rẹ̀ á máa jà, ohùn á yí padà. Ṣùgbọ́n fáìlì IR kò lè gbé ìyẹn. Bí o lu jìtá jẹ́jẹ́, bí o lù ú kíkan, ọ̀nà kan náà ló ń gbà tún ohùn ṣe. Kì í dáhùn. Ohun tí àpótí fi sílẹ̀ nígbà kan ni, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

Ipa ni à ń pe ohun tó bá rí báyẹn. Re re, láìsí àmì. Ọdẹ rí ipasẹ̀ ẹran, ó mọ irú ẹran tó jẹ́, ó mọ bó ṣe wúwo tó, ẹran fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ipa àpótí. Ẹ pè é kíá: ipàpótí. Àwọn onílù máa ń sọ pé igi ẹ̀bá ọ̀nà ló dára fún ìlù torí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ipa ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbà pé ó kù nínú igi.

Ẹnì kan yóò ní tí a kò bá fi àmì sí i, ipa àti ipá á dàrú. Ohùn àárín kì í gba àmì, nítorí náà ẹni tó kọ ipa láìfi nǹkan kan sí i ti kọ ọ́ pé. Ẹni tó fẹ́ kọ ipá ló ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Mo ní ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ inú ìwé náà pẹ̀lú. Ẹ ní kí ọmọ máa fi orúkọ àpótí yan tirẹ̀. Kò tó. Àpótí Marshall kan náà, tó ní sípíkà Vintage 30 ti Celestion mẹ́rin, bí máìkì SM57 bá kọjú sí àárín gbùngbùn sípíkà, ohùn á mú bí abẹ. Sún un ní íǹṣì kan sí ẹ̀gbẹ́, ó ti ṣókùnkùn. Ipa máìkì àti ibi tó dúró sí wà nínú ipa àpótí. Kí wọ́n fi orin kan náà dán gbogbo wọn wò, kí wọ́n sì mú kí wọ́n pariwo bákan náà, torí èyí tó bá pariwo jù ló máa ń tan etí. Kí wọ́n pa ohùn àpótí tó ti wà nínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀, kí ohùn má baà gba inú àpótí méjì. Ní tèmi, àpótí onísípíkà mẹ́rin náà há jù fún jìtá jùjú tó mọ́ lóló. Àpótí Fender tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, onísípíkà kan, ni mo máa ń yàn.

Bàbá mi lu jìtá nínú ẹgbẹ́ jùjú. Àwọn ọmọ ìgbà tí Àyìndé Bákàrè ti fi iná mànàmáná sí jìtá jùjú, ní 1949, ni wọ́n. Tí òjò bá rọ̀, wọn á fi ìka gbá àpótí lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan péré, wọn á gbé etí lé e, wọn á ní, "Inú ẹ̀ ò dáa lónìí, ó ti gbomi." Gbígbá kan yẹn ni Farina fi ìṣirò rọ́pò. N kò purọ́, òru méjì ni "inú" fi dí mi lọ́wọ́ kí n tó padà sórí ipa: inú ohùn, inú àpótí. Inú wà lọ́dọ̀ àpótí. Ipa ni a lè gbé lọ sílé ẹlòmíràn.

Jìtá ni bàbá mi sì ń pè é. Ẹni tó ní gìtá ni Yorùbá tó tọ́ torí Gẹ̀ẹ́sì kò fi j kọ ọ́, kí ó sọ àgbà tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ará Ìbàdàn tó ní ká má pè é ní àpótí torí orí àpótí là ń jókòó sí, òótọ́ ni, ẹrù náà sì ń gbé inú rẹ̀.

Mo ti tún ìwé ẹ̀gbọ́n kọ, mo fi ipa sí gbogbo ibi tí ìdáhùn-ipá wà. Gbólóhùn kan ló kù. Bí a bá da ipa méjì pọ̀, tí máìkì ọ̀kan súnmọ́ sípíkà ju ti èkejì lọ, ohùn wọn kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà; wọ́n á máa jẹ ara wọn, apá kan nínú ohùn á sì lọ. Ẹ̀gbọ́n lo "takora". Àríyànjiyàn ni èyí ń sọ, àwọn ohùn wọ̀nyí kò sì bára wọn jiyàn, wọ́n kàn pẹ́ síra wọn ni. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lágbo onílù, kí ni ẹ ń sọ tí ìyá ìlù àti omele bá gbá ohun kan náà, tí ọ̀kan fi díẹ̀ ṣáájú?