Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àwọn tí kò di àdá mú rí fẹ́ bá wa ṣán igbó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣán igbó yí àwọn igi tí a gbìn sí Ẹ̀lẹ́yẹlé n'Ìbàdàn ká kí ọyẹ́ tó dé, kí iná má baà ríbi gbà wọlé. Ewé akíntọ́lá ti bo gbogbo ibẹ̀, tó bá sì gbẹ tán, ẹ mọ bó ṣe ń jó. Akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó fẹ́ wá bá wa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Àdá, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì la ní. Báwo la ṣe máa ṣe é tí ẹnikẹ́ni ò fi ní í ṣèṣe?

Bàbá Olóko: Ọmọ mi, má fún gbogbo wọn ní àdá. Àyè ni kó o kọ́kọ́ wò. Bí ẹni méjì bá na ọwọ́ tàdátàdá, irin ò gbọ́dọ̀ kan irin. Fi ìṣísẹ̀ méjì lé e. Kí wọ́n tò, kí wọ́n kọjú síbì kan náà. Ẹni tó ń kó pàǹtí kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ wọn àfi tí wọ́n bá dúró. Igi ẹlẹ́nu kíkọ́ ni kí wọ́n fi máa fa igbó, kì í ṣe ọwọ́ lásán. Kí wọ́n ṣán an mọ́lẹ̀, kó tẹ́jú, torí kùkùté ṣónṣó a máa gún bàtà wọlé. Fi fáìlì pọ́n àdá láti ilé: èyí tí kò mú ló ń ta padà sí ojúgun, torí ipá ni wọ́n á máa fi lò ó.

Tútù: Kí gbogbo wọn wọ ìbọ̀wọ́ ńkọ́, bàbá?

Bàbá Olóko: Ọwọ́ tó ń kó igbó nìkan. Ìbọ̀wọ́ aṣọ tó ti gba òógùn, èèkù àdá a máa yọ̀ nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí wèrèpè, ẹ yà fún un.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní: Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bí irin bá ge ẹnikẹ́ni, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ gírígírí, ẹ má tú u wò, ó di ilé ìwòsàn. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á fẹ́ ra ewé akíntọ́lá sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ewé tó ti wọ́lẹ̀ kò mọ́. Kẹrosíìnì náà kọ́ o!

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ má ju àdá síra yín, ẹ fi lélẹ̀ kí ẹlòmíràn mú un. Tẹ́ ẹ bá ń sinmi, ẹ da ojú ọkọ́ délẹ̀. Ẹni tó bá tẹ èyí tó kọjú sókè, èèkù rẹ̀ á gbá a níwájú orí.

Ẹ ṣé gan-an, bàbá, ẹ ṣé, gbogbo yín. Àwọn tó ti ń roko nílé nìkan ni màá fún ní àdá, àwọn tó kù á máa kó pàǹtí. Ó ku bàtà òjò. Ibo ni mo ti lè rí èyí tí kò wọ́n?

Tútù: Dùgbẹ̀. Yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò kó o tó sanwó, òmíràn ti lu.